Bí ẹ ṣe lè ṣàbẹ̀wò sí Cong, abúlé tó wà láàárín adágún méjì ní ilẹ̀ Ireland

Omi ló sọ Cong di ohun tó jẹ́, omi náà ló sì yẹ kí àlejò tọ̀ lẹ́yìn. Abúlé kékeré yìí wà ní agbègbè Mayo, létí ààlà Galway, ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Ireland. Lough Mask wà lápá àríwá rẹ̀, Lough Corrib wà lápá gúúsù, ilẹ̀ tó wà láàárín adágún méjèèjì kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà 5 lọ. Orúkọ abúlé náà ní èdè Irish ni Conga, ìyẹn ilẹ̀ tóóró tí omi há mọ́ àárín. Ẹ lè wá gbogbo ojú ilẹ̀ yẹn kiri, ẹ ò ní rí odò kankan tó ṣàn láti Mask dé Corrib. Abẹ́ ilẹ̀ lomi ń gbà, nínú àwọn ihò tó wà láàárín òkúta ẹfun, kó tó rú jáde ní Cong, kó sì ṣàn wọnú Corrib.

Ọ̀pọ̀ àlejò ló máa ń bá ọkọ̀ arìnrìn-àjò wá láti ìlú Galway fún wákàtí kan péré. Wọ́n á ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère John Wayne àti Maureen O'Hara, torí fíìmù kan tí wọ́n wá yà níbẹ̀ ní 1951, wọ́n á ra ife kan, wọ́n á lọ. Irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò kan omi rárá, a ò sì gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ sun òru méjì níbẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ kan rìn nínú abúlé àti inú igbó, kẹ́ ẹ fi ọjọ́ kejì wọ ọkọ̀ lọ sórí adágún. Tí òjò bá ba ọ̀kan jẹ́, ẹ ó ṣì ní ìkejì.

Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ lọ

Kò sí ẹ̀ẹ̀rùn níbẹ̀ bíi tiwa. Oṣù kò sí tí òjò kò lè rọ̀, ó sì lè rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan kí oòrùn máa yọ láàárín. Ohun tó yàtọ̀ gan-an láti oṣù kan sí òmíràn ni bí ojúmọmọ ṣe ń gùn tó. Lóṣù Kẹfà, ilẹ̀ ń mọ́ ní nǹkan bí aago 5 ìdájí, oòrùn kì í sì í wọ̀ títí di aago 10 alẹ́. Lóṣù Kejìlá, aago 9 òwúrọ̀ ti ń sún mọ́lé kí oòrùn tó yọ, aago 4 àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ kò ní bá a lójú ọ̀run. Ẹni tó bá lọ nígbà òtútù, tí ó sì gbéra kúrò ní Galway lọ́sàn-án, òkùnkùn ni yóò bá ní abúlé.

Oṣù Karùn-ún àti Kẹfà ló dára jù. Ṣùgbọ́n láti àárín oṣù Karùn-ún títí wọ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹfà, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní mayfly máa ń jáde látinú adágún lọ́pọ̀ yanturu, ẹja á máa yọrí sókè láti jẹ ẹ́, gbogbo apẹja á sì ya bo agbègbè náà. Bẹ́ẹ̀dì máa ń tán pátápátá lásìkò yẹn. Ẹ gba yàrá ní oṣù mélòó kan ṣáájú, tàbí kẹ́ ẹ sún ìrìn yín sí ìparí oṣù Kẹfà. Oṣù Keje àti Kẹjọ ni ooru mú jù, ìyẹn nǹkan bí ìwọ̀n 19 lọ́sàn-án, èyí tí ará wa kan ò ní pè ní ooru. Oṣù Kẹsàn-án dákẹ́ rọ́rọ́, ó sì tù wá lára ju Keje lọ. Láti oṣù Kọkànlá dé Kejì, ọ̀pọ̀ ilé àlejò ló máa ń tì, ọkọ̀ tó ń lọ sí Inchagoill, erékùṣù kan nínú Lough Corrib, kì í sì í ná déédéé.

Ìwé ìrìnnà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń kọsẹ̀. Ireland kò sí nínú Schengen, ìyẹn àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó ń lo fíísà kan náà, kì í sì í ṣe ara ìlú ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ń lo páásípọ̀ọ̀tì Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba fíísà Ireland fúnra rẹ̀. Fíísà Schengen kò lè mú un wọlé. Fíísà UK kò lè mú un wọlé. Ẹni tó ti ń gbé London láti ọjọ́ pípẹ́ pẹ̀lú ìwé ìgbélùú UK, bó bá jẹ́ páásípọ̀ọ̀tì Nàìjíríà ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbà á kó tó wọ bàálù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrìn wákàtí kan péré ni.

Fíísà tí ẹ ó bèèrè ni Short Stay C, tó gbà yín láyè títí dé ọjọ́ 90. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa kọ fọ́ọ̀mù, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ ó fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ tó kó o lọ pẹ̀lú páásípọ̀ọ̀tì àti àwọn ìwé yòókù. Owó rẹ̀ jẹ́ yúrò 60 fún ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, yúrò 100 fún ìwọlé lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìrìn; ẹ má ṣe dúró di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù. Ẹ má sì tíì sanwó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í dá padà kí fíísà tó jáde.

Tí ẹ bá gbèrò láti yà sí Belfast, ẹ rántí pé UK nìyẹn. Kò sí ẹnubodè tí ẹ máa rí lójú ọ̀nà, bọ́ọ̀sì á kàn máa lọ ni, ṣùgbọ́n òfin fíísà UK ti mú yín. Ẹni tó bá gba fíísà Ireland oníwọlé ẹ̀ẹ̀kan, tí ó sì rékọjá lọ sí Belfast, ti lo ìwọlé rẹ̀ tán.

Nípa ẹrù: ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe kò gbọdọ̀ wọlé láti òde ilẹ̀ Yúróòpù. Kílíṣí, pọ̀nmọ́ àti wàràkàṣì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á gbà lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ fi wọ́n sílé.

Bí ẹ ṣe máa débẹ̀

Láti Dublin, rélùwéè tó ń gbéra ní ibùdókọ̀ Heuston ń dé Galway ní nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀. Galway sí Cong jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 45. Pápákọ̀ òfuurufú Shannon àti ti Knock sún mọ́ abúlé náà ju ti Dublin lọ, tí ẹ bá rí bàálù tó ń bà síbẹ̀.

Bọ́ọ̀sì wà láti Galway, ṣùgbọ́n kò pọ̀, ètò rẹ̀ sì yàtọ̀ láti ọjọ́ kan sí ọjọ́ kejì. Ẹ wo àkókò rẹ̀ lórí ètò ìrìnnà Transport for Ireland fún ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ gan-an, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ wo bọ́ọ̀sì ìpadàbọ̀ kẹ́ ẹ tó wo ti àlọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn á rí ọkọ̀ lọ ní òwúrọ̀ Sátidé, kò ní mọ̀ pé ọkọ̀ tí òun ń retí lọ́jọ́ Àìkú kò sí. Tí ẹ bá dúró dè é létí ọ̀nà, ẹ na ọwọ́ síta kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ awakọ̀ á kọjá. Takisí kì í tò sójú ọ̀nà níbẹ̀ bíi ti ìlú ńlá; ọjọ́ tó ṣáájú lẹ ti máa pè é.

Ẹni tó bá háyà ọkọ̀ ló ní òmìnira jù. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wà. Ẹ gba ọ̀nà N84 láti Galway dé Headford, ẹ bọ́ sí R334 dé Cross, ẹ sì yà sí R346 wọ Cong. Headford ni kẹ́ ẹ ti ra epo, kẹ́ ẹ sì ra ohun tí ẹ máa jẹ lójú ọ̀nà. Ẹnu ọ̀pá epo aláwọ̀ ewé sábà máa ń jẹ́ pẹtiróòlù, èyí tó dúdú sì jẹ́ dísù. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí inú ìdérí táńkì ọkọ̀ yín kẹ́ ẹ tó fà á, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ háyà níbẹ̀ ló ń lo dísù, ẹni tó bá sì da èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i, òun ni yóò san gbogbo owó àtúnṣe.

Eré tí òfin gbà jẹ́ kìlómítà 100 ní wákàtí kan lórí ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú N, 80 lórí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú R, àfi ibi tí pátákó bá ti sọ nǹkan mìíràn. Àwọn ọ̀nà kéékèèké inú oko jẹ́ 80 tẹ́lẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di 60 láti ọjọ́ 7 oṣù Kejì 2025. Kódà 60 ti pọ̀ jù lórí púpọ̀ nínú wọn. Koríko ń hù láàárín ọ̀dà, ògiri òkúta wà lápá ọ̀tún àti òsì, ọkọ̀ méjì kò lè gba ara wọn kọjá. Bí ọkọ̀ mìíràn bá yọ níwájú, ẹni tó sún mọ́ ibi tó fẹ̀ jù ló máa fà sẹ́yìn síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n yà fún á gbé ìka kan sókè lórí sítíárìn láti fi dúpẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ gbé e. Ìkíni ni, wọ́n sì ń kíyè sí i.

Ohun tó sábà ń bàjẹ́ ni ẹ̀gbẹ́ táyà, níbi tí àjèjì ti ń sá fún ọkọ̀ tó ń bọ̀, tó sì lọ fi táyà ha òkúta tó fara pamọ́ sínú koríko. Ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ háyà kì í sábà kó táyà àti gíláàsì mọ́ra. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kẹ́ ẹ tó gbéra. Tí ẹ bá yà sí ìwọ̀ oòrùn Cong, lápá Corr na Móna, ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Irish lẹ wà yẹn. Pátákó onígun mẹ́ta tí wọ́n kọ GÉILL SLÍ sí ń sọ pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn kọjá ná.

Ilé nínú oko kì í ní nọ́ńbà, ọ̀nà rẹ̀ kì í sì í ní orúkọ. Eircode ni wọ́n fi ń wá a, ìyẹn àmì oníwọ̀n 7 tí ilé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ẹ gba Eircode lọ́wọ́ onílé, kẹ́ ẹ sì ti gbé máàpù agbègbè náà sórí fóònù nígbà tí ẹ ṣì wà ní Galway, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń já lójú ọ̀nà.

Ibi tí ẹ máa sùn

B&B ló yẹ abúlé jù, ìyẹn ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbà yín sí, tó sì ń se oúnjẹ àárọ̀ fún yín. Ẹ sọ aago tí ẹ máa dé fún un, tí ẹ bá sì máa pẹ́, ẹ pè é. Kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì tó ní ẹni tó ń jókòó síwájú títí ilẹ̀ fi mọ́. Èèyàn kan ló ń dúró dè yín, ó sì fẹ́ sùn. Ẹ bi í léèrè aago tí oúnjẹ àárọ̀ ń parí, bóyá ó ń gba káàdì, àti bóyá ibi kan wà tí bàtà tútù lè gbẹ sí. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló wúlò jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ mú owó yúrò díẹ̀ dání láti Galway, kẹ́ ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ ATM ní abúlé.

Ní ti aṣọ: òjò ò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Ẹ má dààmú ara yín lórí agbòjò, ìjì tó ń fẹ́ wá látorí adágún á yí i sódì. Jákẹ́ẹ̀tì òjò tó ní ìborí, tí omi kò lè gbà wọlé, ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má fi jíìnsì rìn nínú igbó. Ó máa ń mu omi, ó ń wúwo, kì í sì í gbẹ di ọjọ́ kejì. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ilẹ̀ mú àti ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán.

Títọ omi lẹ́sẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní àwókù ilé àwọn mọ́ńkì tó wà láàárín abúlé, tí wọ́n ń pè ní Cong Abbey. Wọn kì í gba owó níbẹ̀. Fẹ́chín mímọ́ ni wọ́n sọ pé ó kọ́kọ́ dá ilé ìjọsìn sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọ̀rúndún 7, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ń wò yìí jẹ́ ti àwọn mọ́ńkì Augustine, tí ọba Toirdelbach Ua Conchobair ràn lọ́wọ́ ní ọ̀rúndún 12. Ọmọ rẹ̀, Ruaidrí, ọba àgbà ìkẹyìn ní Ireland, fi ìtẹ́ sílẹ̀, ó wá gbé níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1198. Ẹ dúró lẹ́nu àwọn ilẹ̀kùn tó kọjú sí àgbàlá kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe gbẹ́ ewé sára òkúta. Lára àwọn òpó àgbàlá náà jẹ́ àtúnkọ́ ọ̀rúndún 19, láyé ìdílé Guinness tó ni ilẹ̀ náà nígbà yẹn. Etí òkúta tuntun ṣì mú, ti àtijọ́ ti kúnná bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò.

Láti ibẹ̀ ẹ tọ ọ̀nà lọ sódò. Ilé òkúta kékeré kan dúró sórí omi, kò ní òrùlé mọ́. Ilé ìpẹja àwọn mọ́ńkì ni. Ẹ wọnú rẹ̀ kẹ́ ẹ wo ilẹ̀: ihò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ láàárín òkúta, omi odò sì ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Inú ihò yẹn ni wọ́n ń sọ àwọ̀n sí. Ibi ìdáná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, torí ẹni tó jókòó tì ihò omi nínú òtútù yóò fẹ́ yáná. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé okùn kan lọ láti ibẹ̀ dé ilé ìdáná ńlá, tí agogo á sì dún níbẹ̀ bí ẹja bá ti há. Ẹ dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ bí omi ṣe ń lọ. Omi Lough Mask ni, tó ti rin abẹ́ ilẹ̀ wá.

Tí ẹ bá sọdá afárá, ẹ ti wọnú igbó ilẹ̀ Ashford. Ashford Castle jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá láti 1939. Wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àlejò tó bá fẹ́ wọ àgbàlá rẹ̀, iye rẹ̀ sì máa ń yàtọ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Tó bá jẹ́ omi lẹ bá wá, ẹ kò nílò rẹ̀. Pigeon Hole Wood lẹ ó béèrè, ní ìwọ̀ oòrùn abúlé, lápá ọ̀nà tó lọ sí abúlé Clonbur. Ihò ńlá kan wà nínú igbó náà, àtẹ̀gùn òkúta tó ga tó sì tóóró ló lọ sísàlẹ̀ rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ ti máa rí odò abẹ́ ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn òjò ńlá, ariwo rẹ̀ á ti pàdé yín kẹ́ ẹ tó délẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra lórí àtẹ̀gùn yẹn ju ibikíbi lọ. Òòrùn kì í débẹ̀, òkúta rẹ̀ kì í gbẹ, èéhù omi sì ti bò ó. Ẹ di irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mú, ẹ máa fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì gbé ọmọ kékeré sọ̀kalẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe iná fóònù tó bá já bọ́ tí ó ń bá omi lọ. Bí omi bá ti gun ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ẹ dúró sókè. Wọ́n ní ẹja funfun kan ń gbé inú rẹ̀ tó jẹ́ obìnrin nígbà kan rí, tí wọ́n pa àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

Ohun kẹta tí ẹ kò gbọdọ̀ fojú fò ni Dry Canal, odò àgbẹ́ tí kò ní omi. Nígbà Ìyàn Ńlá, ní 1848, ìjọba gba àwọn tí ebi ń pa síṣẹ́ láti gbẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi láti Lough Mask dé Lough Corrib. Wọ́n gé òkúta, wọ́n kọ́ ibi tí ọkọ̀ á ti máa gòkè sọ̀kalẹ̀, wọ́n ṣe é fún ọdún bíi mélòó kan. Ní 1854 wọ́n fi í sílẹ̀. Rélùwéè ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi, ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an kò sì lè gba omi dúró: òkúta ẹfun kún fún ihò àti ojú ìsán, bí ẹní ń pọnmi sínú ajere ni. Ẹni tó bá lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn á rí koríko nínú rẹ̀. Ẹni tó bá lọ lẹ́yìn òjò oṣù Kìíní lè bá omi níbẹ̀, torí omi abẹ́ ilẹ̀ ti gòkè. Ẹ má ṣe sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀. Ògiri rẹ̀ ga, kò sì sí ibi tí ẹ máa dì mú láti padà jáde.

Tí agbára bá ṣì wà lẹ́sẹ̀, òkè Benlevy nítòsí Clonbur ga ní mítà 416. Orí rẹ̀ lẹ ti lè rí adágún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, àti ilẹ̀ tóóró tó pín wọn. Tí ìkùukùu bá ti bo orí òkè, ẹ má gùn ún.

Lórí adágún

Lough Corrib fẹ̀ tó kìlómítà 176 níbùú lóròó, òun ló ṣìkejì ní gbogbo erékùṣù Ireland lẹ́yìn Lough Neagh. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé erékùṣù inú rẹ̀ jẹ́ 365, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, ọkọ̀ ń gbé àlejò láti èbúté Ashford àti Lisloughrey lọ sí Inchagoill. Ẹ fi ìpè kan ṣáájú: bí afẹ́fẹ́ bá le, wọn kì í lọ, èyí sì dára bẹ́ẹ̀.

Ní Inchagoill, ṣọ́ọ̀ṣì àwókù méjì ló wà. Èyí tó tóbi jù ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ orí èèyàn yí ká. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, òkúta kan dúró tí kò ga ju orúnkún àgbà lọ dáadáa, ó rí bí ìtọ́kọ̀. Wọ́n kọ LIE LUGUAEDON MACCI MENUEH sí i lára, ìyẹn òkúta Luguaedon, ọmọ Menueh. Ó wà lára àwọn àkọlé tó pẹ́ jù tí wọ́n fi lẹ́tà Látìn kọ ní Ireland. Lójú oòrùn ọ̀sán gangan, ẹ lè má rí nǹkan kan. Ẹ tan iná fóònù, kẹ́ ẹ mú un wá láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ fẹ̀gbẹ́ gba ojú òkúta kọjá. Òjìji á wọnú àwọn lẹ́tà, wọ́n á sì yọ. Ẹ má fi ẹfun kùn ún, ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ ha á.

Ẹni tó bá fẹ́ háyà ọkọ̀ kékeré, ẹ gba ẹni tó mọ adágún pẹ̀lú rẹ̀. Gillie ni wọ́n ń pè é. Owó rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n òkúta tó fara pamọ́ sábẹ́ omi ní Corrib kò lóǹkà, wọ́n sì wà ní ibi tí omi ti jìnnà sí etí ilẹ̀, níbi tí àjèjì kò ti ní fura. Ẹ́ńjìnnì tó bá fi abẹ́ gbá òkúta á kú síbẹ̀, ìjì á sì máa ti ọkọ̀ lọ. Òfin sọ pé gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tí kò gùn tó mítà 7 gbọ́dọ̀ wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀ èyíkéyìí. Ẹ rí i pé okùn tó gba abẹ́ itan kọjá wà nídìí rẹ̀, tí ẹ sì dì í. Láìsí i, jákẹ́ẹ̀tì á gòkè bo ojú, ara á wà nísàlẹ̀.

Omi náà tutù kódà lóṣù Keje. Ẹni tó bá ṣubú sínú rẹ̀, èémí rẹ̀ á kọ́kọ́ já, á fẹ́ máa mí gúlegúle. Kó má bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́. Kó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, kó léfòó, kó dúró títí èémí á fi padà, láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Nọ́ńbà ìrànwọ́ ni 112 tàbí 999, ẹ béèrè Coast Guard.

Ẹja brown trout kò gba ìwé àṣẹ ìjọba, salmon gbà á. Àsìkò ìpẹja ní Corrib bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 15 oṣù Kejì, ó ń parí lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án. Ẹja tí kò tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 33 ẹ dá a padà, ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ mú ju mẹ́rin lọ lóòjọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ká wa lára. Ní 2005 wọ́n rí ewé omi kan láti ilẹ̀ South Africa, Lagarosiphon, nínú Corrib. Ó máa ń bo odò títí, kò ní jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ débi tí ẹja ń yé sí. Ewé kékeré tó lẹ̀ mọ́ bàtà tàbí àwọ̀n ti tó láti gbé e dé adágún mìíràn. Nítorí náà tí ẹ bá kúrò ní Corrib tí ẹ ń lọ sí Mask, ẹ yẹ gbogbo nǹkan tó kan omi wò, ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 48 ó kéré tán.

Ilẹ̀ onílẹ̀

Pápá tó tẹ́jú lọ yẹn ní olóko. Ní Ireland, kò sí òfin tó gba ẹlẹ́sẹ̀ láyè láti máa rìn kiri lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ojú ọ̀nà tí wọ́n fi àmì sí ni kẹ́ ẹ máa tọ̀, tàbí kẹ́ ẹ béèrè. Géètì tí ẹ bá bá ní títì, ẹ tì í. Èyí tí ẹ bá bá ní ṣíṣí, ẹ fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, torí omi tí àgùntàn ń mu lè wà ní òdìkejì. Ẹ má gba àárín màlúù àti ọmọ rẹ̀ kọjá.

Nírọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, kòkòrò wínniwínni á yọ láti inú igbó, wọ́n á sì máa jẹ yín lórí àti ọrùn. Aṣọ apá gígùn àti òróró alékòkòrò ló ń lé wọn. Eégbọn tún wà nínú koríko gíga. Ẹ yẹ ẹ̀yìn orúnkún, abẹ́ abíyá àti ìbàdí wò lálẹ́. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi tweezers ẹlẹ́nu ṣóńṣó mú un nítòsí awọ ara gan-an, kẹ́ ẹ fà á sókè tààrà, láìyí i. Tí àmì pupa tó fẹ̀ bí òrùka bá yọ síbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ lọ rí dókítà.

Ìkíni àti oúnjẹ

Wọ́n ń kíni lójú ọ̀nà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní „How are ya?“, ìkíni ni, wọn kò béèrè àìsàn, ẹ dáhùn ní kúkúrú, ẹ dá a padà. Ní ìhà Corr na Móna, „Dia duit“ ni wọ́n fi ń kíni, ìyẹn Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ, ìdáhùn rẹ̀ ni „Dia is Muire duit“, tó fi Màríà kún un. Ìkíni tó ń gbé orúkọ Ọlọ́run kò ní ṣàjèjì sí wa. „Go raibh maith agat“ ni a dúpẹ́.

Ilé ọtí ni wọ́n ti ń jẹun alẹ́, ilé ìdáná sì sábà máa ń tì ní nǹkan bí aago 8 àbọ̀ sí 9. Ẹni tó bá wẹ̀, tó sinmi, tó jáde ní aago 9 á rí ọtí, kò ní rí oúnjẹ. Ọmọ tí kò tíì pé 18 gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ ní aago 9 alẹ́, aago 10 láti oṣù Karùn-ún dé Kẹsàn-án. Ẹ béèrè ọbẹ̀ ẹja tí wọ́n ń pè ní chowder pẹ̀lú búrẹ́dì aláwọ̀ ilẹ̀, ó ń yọ òtútù lára ẹni tó ti ìdí omi bọ̀. Kì í ní ata. Bí ẹnì kan bá ra ọtí fún gbogbo tábìlì, ó yẹ kẹ́ ẹ̀yin náà ra tiyín kẹ́ ẹ tó dìde. Ẹni tó wà ọkọ̀ wá kó má mu rárá.

Tí ẹ bá ń gba Dublin padà sílé, ẹ yà sí National Museum tó wà ní Kildare Street. Ọ̀fẹ́ ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé Sátidé, aago 10 òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣí. Àìkú àti Ajé, aago 1 ọ̀sán. Àgbélébùú tí Toirdelbach ní kí wọ́n ṣe ní 1123 wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n tọ́jú ní Cong fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Igi ni inú rẹ̀, wọ́n sì fi idẹ, fàdákà àti wúrà ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Òkúta kírísítálì tó mọ́ bí omi ló wà láàárín rẹ̀ gan-an.